Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Ń Gbé Plateau Di Ti Plateau: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Wa

Ẹ̀yin ọlọ́lá ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Plateau,

Láti Rayfield ní Jos ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò gbọ́ ọ. Ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín kò wọ́n ní Jos. Mo fẹ́ kí àwọn ará mi ní Ìbàdàn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èkó náà kà á, nítorí ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún yìí, àwọn náà kò tíì ṣe é fún àlejò tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Nígbà tí àtúnṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà bá tún dé iwájú yín, ẹ fọwọ́ sí i pé ọmọ Nàìjíríà tó bá ti fi ìpínlẹ̀ kan ṣe ibùgbé fún iye ọdún tí òfin bá là sílẹ̀, kí ó ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí ọmọ ìpínlẹ̀ náà ní. Ẹ má sì dúró kí wọ́n gbé e wá láti Àbújá kí ẹ tó la ẹnu. Abala 9 ìwé òfin náà sọ pé àtúnṣe kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 bá gbà á. Ọ̀kan nínú 36 yẹn ni ẹ̀yin. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ohùn wọn wúwo tó tiyín lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì pọ̀, torí ẹ mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí ìjà ọmọ ìbílẹ̀ àti àlejò ti mú kí ilẹ̀ yìí mu.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwé òfin wa ti ṣẹ̀ wá, ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Nígbà kan, àwọn ọba Yúróòpù a máa sọ pé Ọlọ́run ló fi ilẹ̀ àti èèyàn inú rẹ̀ jíǹkí àwọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè. Ní 1689, John Locke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé kan jáde tó fi ta ko ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹ̀mí, òmìnira àti ohun ìní jẹ́ ẹ̀tọ́ tí a bí mọ́ ènìyàn; àwọn ènìyàn ló fohùn ṣọ̀kan gbé ìjọba kalẹ̀ kó lè dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọ̀nyí, ìjọba tó bá sì kọ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ti sọ àṣẹ rẹ̀ nù. Ní 1748, Montesquieu ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ pé ẹni tó ń ṣòfin, ẹni tó ń mú òfin ṣẹ àti ẹni tó ń dájọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà, bí a bá fẹ́ kí ọkàn ará ìlú balẹ̀. Rousseau tẹ̀lé e ní 1762, ó ní ti gbogbo ará ìlú lápapọ̀ ni àṣẹ tó ga jù. Sáà ìlàjú ni àwọn òpìtàn ń pe sáà àwọn ọ̀mọ̀ràn yìí. Èrò wọn ni Thomas Jefferson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sínú ìkéde òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Òun náà ló wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà ti 1787, àti nínú ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn Faransé ṣe ní 1789.

Ẹ wá ṣí ìwé tiwa. Láti ìlà àkọ́kọ́, àwa ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bíi ti Amẹ́ríkà gẹ́lẹ́. Abala 4 gbé òfin ṣíṣe fún ilé aṣòfin, abala 5 gbé ìṣàkóso fún ààrẹ àti gómìnà, abala 6 gbé ìdájọ́ fún ilé ẹjọ́. Montesquieu nìyẹn. Abala 14 sọ pé ọwọ́ àwọn ará Nàìjíríà ni àṣẹ wà, ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọba ti ń gba agbára, ààbò àti ìgbáyé-gbádùn wọn sì ni olórí ìdí tí ìjọba fi wà. Bí Locke bá jí lónìí, yóò dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ mọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Orí Kẹrin, níbi tí wọ́n to ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sí.

Bí orí ẹ̀tọ́ yìí ṣe wọ ìwé òfin wa yẹ kó máa mú orí yín wú. Nígbà tí òmìnira ń sún mọ́ etílé, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké láti Calabar dé Benin dé Àárín Gbùngbùn Nàìjíríà pé bí òyìnbó bá ti ń lọ, àwọn ẹ̀yà ńlá yóò gbé wọn mì. Ẹgbẹ́ United Middle Belt Congress tí Joseph Tarka ṣe olórí rẹ̀ wà lára àwọn tó pariwo jù, ẹkùn tiwọn ni wọ́n ń béèrè. Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Henry Willink láti wá gbọ́ ẹ̀dùn wọn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1958, kò gbà pé kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ohun tó dámọ̀ràn ni pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin, kí ẹni tó kéré níye lè rí ibi fẹ̀yìn tì. Àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ní 1950 ni wọ́n wò kọ ọ́, ó sì wọ ìwé òfin òmìnira wa ti 1960. Èrò Locke ti rìn la Philadelphia àti Paris kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà lọ́kàn àwọn baba yín wà lára ohun tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀tọ́ tí ọlọ́pàá kò fi lè ti Ìgbò mọ́lé láìnídìí ní Kano tàbí Ijaw mọ́lé ní Èkó, ẹ̀yin náà wà lára ẹni tó bá wọn tọrọ rẹ̀.

Ilé yín náà sì ti rí iṣẹ́ ìwé òfin yìí lójú ayé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Plateau, ó ní kí Gómìnà Joshua Dariye àti gbogbo Ilé yín lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ó sì gbé Ọ̀gágun Chris Alli lé wa lórí. Abala 305 tí wọ́n fi ṣe é kò sọ níbì kankan pé ààrẹ lè dá gómìnà tàbí ilé aṣòfin dúró. Ìpínlẹ̀ Rivers náà ti tọ́ irú rẹ̀ wò ní 2025. Ní oṣù Kọkànlá 2006 ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọmọ Ilé 24 jókòó, wọ́n ní àwọn ti yọ Dariye nípò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin 2007, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ da ìyọnípò náà nù, torí àwọn tó ṣe é kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí abala 188 béèrè. Lóòótọ́, ilé ẹjọ́ padà dá Dariye lẹ́bi lórí owó ìlú ní 2018. Ìyẹn kò ba ìdájọ́ 2007 jẹ́. Òfin tí kò bá lè dáàbò bo ẹni tí a kò fẹ́ràn kò tíì di òfin. Èrò tí ọmọ Faransé kan kọ sílẹ̀ ní 1748 ló gba ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àwọn tí kò pé iye.

Níbi tí ìwé òfin wa ti já wa kulẹ̀ ni mo ń bọ̀ yìí.

Ní 1975, Murtala Muhammed pe ènìyàn 50 jọ láti kọ ìwé òfin tuntun, Olóyè Rotimi Williams sì ni alága wọn. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ̀ láti bá wọn jókòó, nítorí náà 49 ló ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n fi ètò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n mú ti Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ṣì wà lára wọn, wọn kò fẹ́ kí ẹ̀yà kan tún gba gbogbo ipò mọ́ ẹ̀yà yòókù lọ́wọ́, ni wọ́n bá fi í sínú òfin pé ìyànsípò gbọ́dọ̀ kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débi pé báwo ni a ó ṣe mọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, wọn kò wo ibi tí ẹni náà ń gbé, tó ti ń san owó orí, tó ti ń dìbò. Òbí àti òbí àgbà rẹ̀ ni wọ́n wò. Ìwé òfin 1979 kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ti 1999 sì dà á kọ. Abala 318 sọ pé ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá ti inú àwùjọ tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ níbẹ̀ wá. Abala 147 ní kí ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láti inú ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú ìwé kan náà, abala 42 ní kí a má fi ẹ̀yà tàbí ìlú àbínibí du ọmọ Nàìjíríà ní ohunkóhun, àmọ́ ó yọ àwọn ipò ìjọba kan sílẹ̀. Abala 15 tilẹ̀ ní kí ìjọba rí i pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀kún ẹ̀tọ́ olùgbé níbikíbi nínú orílẹ̀-èdè yìí. Orí Kejì ni abala 15 wà. Abala 6 sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ lórí ohunkóhun tó bá wà ní Orí Kejì. Ìlérí tó yẹ kó gbà wá là, ibi tí ọwọ́ adájọ́ kò ti lè tó o ni wọ́n gbé e sí.

Iṣẹ́ Locke lórí ìjọba dá lé e pé a kì í jogún àṣẹ lórí ènìyàn láti ọ̀dọ̀ baba-ńlá. Ẹ̀tọ́ kì í tọ ìdílé wá, ara ènìyàn ló wà. Ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwa ènìyàn, tó wá parí sí ọmọ ta ni ọ́, ti yí ojú padà sí ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ó ti dà lórí wa. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2001 ni Jos gbiná, lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí ẹni tí wọ́n yàn sípò ètò ìgbógun ti òṣì ní Jos North, bóyá ọmọ ìbílẹ̀ ni tàbí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀. Human Rights Watch ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 1,000 ènìyàn ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù Kọkànlá 2008, ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ Jos North tún mú ẹ̀mí tó lé ní 700 lọ. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, ìgbìmọ̀ jábọ̀, a tún sin òkú. Ohun kan wà tí mo máa ń rò. Adájọ́ Niki Tobi ni wọ́n fi ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó gba èrò ará ìlú jọ ní 1998 kí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó fọwọ́ sí Òfin 24 tó gbé ìwé òfin jáde ní oṣù Karùn-ún 1999. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n padà rán wá sí Jos láti wádìí rògbòdìyàn 2001. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá wọn ṣètò ìwé òfin náà ló wá ń gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ilé wọn jóná lórí ohun tí ìwé náà kò yanjú.

Nínú ilé tèmi, kò sí ẹ̀jẹ̀, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n ìrora wà. Jos ni wọ́n bí ọmọ mi obìnrin, ibí ló ti kàwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ tọrọ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ẹni tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ wo orúkọ rẹ̀, ó ní kó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀. Nígbà tó dé ìlú baba rẹ̀, wọ́n bi í pé agbo ilé wo, kò mọ̀ ọ́n dáadáa, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì ń dún bíi ti Hausa. Wọ́n ní kó lọ mú àgbàlagbà wá. Àwọn àgbàlagbà tó lè jẹ́rìí sí i ti kú. Ọmọ Nàìjíríà ni, gbogbo ìwé rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ tó lè pè ní tirẹ̀ ni kò rí.

Àwọn Yorùbá ti wà lórí òkè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa tánganran, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń kó o lọ. Oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ lára wọn. Mo mọ̀ pé ìwakùsà kan náà tó fún wọn ní oúnjẹ ló gba oko lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Berom, Anaguta àti Afizere. Rayfield tí mo ti ń kọ̀wé yìí, ilẹ̀ ìwakùsà ni. Ihò tí àwọn iléeṣẹ́ ìwakùsà gbẹ́ ṣì wà, omi ti kún inú wọn. Ẹni tó ti rí i tí àlejò gba ilẹ̀ baba òun lọ lábẹ́ àṣẹ òyìnbó, kò lè ṣe kó má fura sí àlejò. Ẹ̀rù yín kì í ṣe ìwà búburú. Ìdí sì nìyí tí mo fi fẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Oyè Gbong Gwom Jos, oyè àwọn ìlú yín gbogbo, orúkọ ilẹ̀ àti ibi àjogúnbá yín, tiyín ni, àlejò kò gbọdọ̀ nawọ́ sí i, ẹ sì lè fi òfin dè é. Owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ ìjọba, ìdíje fún ipò ìdìbò, ti ará ìlú ni, ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ tó sì ń san owó orí níbẹ̀ ló ni ín. Bí ẹ bá ní kí ó jẹ́ ọdún mẹ́wàá kí ẹni náà tó ní i, n kò ní bá yín jiyàn. Ìtẹ́wọ́gbà tí òpin wà fún sàn ju ìkọ̀sílẹ̀ tí kò lópin.

Àwọn kan yóò sọ pé èrò òyìnbó ni mo ń tà fún yín, àti pé àwọn òyìnbó náà kò gbé e ṣe. Òótọ́ ni. Locke fi owó sínú iléeṣẹ́ Royal African Company tó ń ra ẹrú ní etíkun wa, ó sì lọ́wọ́ nínú òfin Carolina ti 1669 tó fún olówó ẹrú ní àṣẹ pátápátá lórí ènìyàn dúdú. Jefferson tó kọ ọ́ pé bákan náà ni a dá gbogbo ènìyàn, ó ní ẹrú. Ní 1857, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ẹjọ́ Dred Scott pé ọmọ ènìyàn dúdú tí wọ́n kó wá lẹ́rú kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Baba rẹ̀ ni wọ́n wò. Ẹ rántí pé àwọn dúdú kò torí èyí sọ èrò náà nù. Ní Haiti, àwọn ẹrú gbọ́ ohun tí Paris ń kéde ní 1789, wọ́n ní ó kan àwọn náà, wọ́n sì jà títí wọ́n fi di orílẹ̀-èdè ní 1804. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tiwọn, wọ́n fi Àtúnṣe Kẹrìnlá kún ìwé òfin ní 1868. Ó sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá bí sí Amẹ́ríkà tàbí tó bá gbàwé ibẹ̀, tó sì wà lábẹ́ òfin ibẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni, ó sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tó bá ń gbé. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo wá ń wá. Àwọn 49 tó gba ètò Amẹ́ríkà fún wa ní ààrẹ, wọ́n fún wa ní sẹ́nétọ̀, wọ́n fún wa ní gómìnà, àmọ́ wọ́n fi èyí sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó yọrí sí. Bí àbúrò mi bá bímọ sí Houston, Texas ni ọmọ náà jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Bí ó bá jẹ́ Maryland ni wọ́n ti kó wá, lẹ́yìn ọdún kan tí wọ́n bá ti fìdí kalẹ̀ sí Texas, owó tí ọmọ Texas ń san ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ni ọmọ náà yóò san. Ọmọ Yorùbá ń rí ní Texas ohun tí kò rí ní Jos, ọmọ Berom sì ń rí i níbẹ̀, kò rí i ní Ìbàdàn.

Ìbàdàn sì ni kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ará mi ní ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yin ni mo ń bá wí níbí. Ìlú tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jùmọ̀ tẹ̀ dó nígbà tí ogun tú ilé kálukú wọn ni Ìbàdàn. Wọn kò bi ènìyàn pé ọmọ agbo ilé wo ni kí wọ́n tó fi oyè lé e lórí, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe ni wọ́n wò. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Olúyọ̀lé tó di Baṣọ̀run níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Balógun Ìbíkúnlé. A ti mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ka Locke fún wa, ṣùgbọ́n lónìí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ń gba owó tó ga jù lọ́wọ́ ọmọ tí baba rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àárín ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ìgbò tó ti gbé Èkó ju ogójì ọdún lọ ṣì ń gbọ́ ní àsìkò ìdìbò pé kó padà sí ìlú rẹ̀. N kò lè máa bẹ Plateau fún ohun tí Ọ̀yọ́ àti Èkó fi ń du ẹlòmíràn kí n má sọ ọ́. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn náà ní ìbò nínú 36. Kí wọ́n lò ó.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, kí àtúnṣe Àbújá tó dé, àwọn nǹkan kan wà tí ọwọ́ yín ti tó lónìí. Òfin ìpínlẹ̀ lè sọ pé ọmọ tó bá ti ka ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama ní Plateau, owó kan náà ni yóò san ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ìbílẹ̀, yóò sì láǹfààní láti gba owó ìrànwọ́. Òfin lè ní kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tàdínlógún tí a ní máa fún olùgbé ní ìwé ẹ̀rí ibùgbé, kí iléeṣẹ́ ìjọba tó bá ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ sì gba èyí náà. Ẹ gbé àbádòfin náà kalẹ̀. Ẹ pe ará ìlú wá gbọ́ ọ ní Jos North, ní Jos South, ní Barkin Ladi, ní Wase, ní Shendam, ní gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí àwọn tó ń bẹ̀rù wí ẹ̀rù wọn, kí àwọn tí wọ́n lé sẹ́yìn sọ tiwọn. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan sí i, èmi náà yóò wá jókòó, n ó mú ọmọ mi dání.

Tiyín nítòótọ́,
Olùgbé Rayfield kan